Òkè àti omi la fẹ́ kí àwọn ọmọ rí: ilẹ̀ wo ló yẹ kí a kó ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta lọ fún ìsinmi oṣù Kẹjọ?

Ìyá Mẹ́ta, Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí gbogbo yín, àgbà àti èwe. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn èmi àti bàálé mi tí a kò tíì rí ojútùú sí, mo sì mọ̀ pé a kò ní ṣàì rí ẹni tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá láàárín yín. Olùkọ́ ni mí níhìn-ín ní Kàbà, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí a ti ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, pẹ̀lú ìpinnu pé nígbà ìsinmi gígùn oṣù Kẹjọ, èyí tí ó ku oṣù mẹ́fà sí ìsinsìnyí, a ó kó àwọn ọmọ wa jáde kúrò ní Nàìjíríà fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí òkè, igbó àti omi ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ Ògìdì ni bàbá wọn, àárín òkè ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ ìlú ńlá tí ó kún fún ilé ìtajà.

Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 8, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù 18 tí ó ṣì ń mu ọmú. Ti èkejì ni ó ń kọ mí lóminú jù. Bí a bá ti jókòó sínú ọkọ̀ ju wákàtí kan lọ, èébì ni. Ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Lọ́kọ́ja, kí a tó dé ibi tí àwọn tírélà símẹ́ńtì máa ń tò sí ní Ọ̀bàjánà, aṣọ rẹ̀ àti tèmi á ti rẹ, mo sì máa ń gbé ike kékeré kan sí ẹsẹ̀ mi nítorí rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń jáde. Bàálé mi rí àwòrán òkè oníyìnyín Switzerland lórí fóònù, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀. Èmi ń bẹ̀rù òtútù, owó àti físà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti kó ọmọ wẹ́wẹ́ rin irú ìrìn-àjò yìí, ibo ni ẹ lọ, ọjọ́ mélòó ni ẹ lò níbẹ̀, kí sì ni ẹ kábàámọ̀ pé ẹ ṣe tàbí pé ẹ kò ṣe?

Ọmọ Yàgbà, Zürich

Ẹ kú ìmúra, ìyá àwọn ọmọ. Ìsánlú ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé ní Switzerland, níbí ni a sì ti bí ọmọ wa méjèèjì. Ilẹ̀ yìí rẹwà, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó kó ọmọ dání ju bí ẹ ti rò lọ. Àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Lauterbrunnen. Àpáta ni ó dúró bí ògiri lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, omi sì ń já láti orí àpáta náà ní ibi púpọ̀. Èyí tí ó ń jẹ́ Staubbach nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 300 mítà, ẹ sì lè jókòó sí abúlé kí ẹ máa wò ó láìgun òkè kankan. Lórí òkè tí ó yí àfonífojì yẹn ká ni abúlé Wengen àti Mürren wà. Àwọn àlejò kì í gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ tí ń rìn lórí okùn ni ó ń gbé ènìyàn lọ, nítorí náà àwọn ọmọ lè máa sáré kiri láìsí pé ọkàn yín ń já ní gbogbo ìgbà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kì í san owó ọkọ̀ ojú irin. Àkọ́bí yín náà lè wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ̀yin òbí bá ra ìwé ìwọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò, tí ẹ sì béèrè káàdì ìdílé mọ́ ọn. Ní ti ọmọ tí ọkọ̀ ń mú bì, ọkọ̀ ojú irin bá a lára mu ju mọ́tò lọ, nítorí pé ó lè dìde, kí ó rìn, kí ó sì máa wo ìta.

Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà, nítorí láti ọdún 2008 ni Switzerland ti wà nínú ètò náà bí kò tilẹ̀ sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àgbà ń san 90 yúrò, ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san 45 yúrò, èyí tí kò tíì pé ọdún 6 kì í sanwó, wọn kì í sì í gba ìtẹ̀ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ẹ ó ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó lè gbé ìnáwó ìtọ́jú ìṣègùn tí ó tó 30,000 yúrò. Ẹ lè kọ̀wé béèrè físà nígbà tí ó bá ku oṣù mẹ́fà sí ìrìn-àjò, ẹ má sì jẹ́ kí ó ku ọjọ́ 15 kí ẹ tó kọ ọ́.

Mo ní ìkìlọ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán Jungfraujoch ni bàbá àwọn ọmọ rí, ibùdókọ̀ ojú irin yẹn ga tó 3,454 mítà sókè ìtẹ́jú òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Àgbà lè sọ pé orí ń fọ́ òun, ọmọ oṣù 18 kò lè sọ ọ́. Ẹ má ṣe gbé e lọ síbẹ̀.

Ìyá Dára, Lọ́kọ́ja

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí àbúrò wa tí ó wà ní Zürich wí, n kò sì ní í jà á níyàn lórí ẹwà ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye owó nìkan. Àwa márùn-ún ni a kọ̀wé béèrè físà Yúróòpù ní ọdún kan. A kó ìwé báńkì, ìwé ilé àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ kalẹ̀, wọ́n sì kọ̀ fún gbogbo wa. Owó tí a san kò padà. Ọmọ mi obìnrin ti ya àwòrán yìnyín sí ara ògiri yàrá rẹ̀ kí èsì tó dé, oṣù mélòó kan ni àwòrán náà sì fi wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí a yọ ọ́. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ kankan pé Switzerland ni ẹ ń lọ títí ẹ ó fi rí físà náà nínú ìwé ìrìnnà yín.

Bàbá Bùnú

Ìyàwó wa, mo kí ẹ, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òwò aṣọ ni mo sì fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe. Kí ẹ tó fò lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá ń bẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń gbé láàárín òkè gẹ́gẹ́ bíi tiwa? Ìlú Ìdáàṣà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumé, ni wọ́n ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Ní Sábẹ̀, àpáta rìbìtìrìbìtì ni ó yọrí sókè lẹ́bàá ìlú, ẹni tí ó bá ti rí òkè Ògìdì rí á dúró wò wọ́n. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kó aṣọ lọ sí Parakou, mo sùn ní Sábẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá kan tí ń ta iyán bi mí pé ibo ni mo ti ń bọ̀. Mo dá a lóhùn ní ohùn ilé wa gan-an, kò sì ní kí n tún un sọ. Ìyá náà gbọ́ mi ju bí àwọn oníbàárà mi ní Èkó ti ń gbọ́ mi lọ.

Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ yín yóò rí: ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ń ka ìwé ní Faransé nílé ẹ̀kọ́, tí ó sì ń fi Yorùbá pe ìyá rẹ̀ nílé. Ẹ kò nílò físà, nítorí ọmọ ilẹ̀ ECOWAS lè gbé ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́. Ẹ gba Ìlọrin, kí ẹ gba ẹnubodè Chikanda bọ́ sí Nikki àti Parakou, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Sábẹ̀ àti Ìdáàṣà. Bí àyè bá wà, ẹ yà sí ọgbà ẹranko Pendjari lókè lọ́hùn-ún kí wọ́n rí kìnnìún.

Awakọ̀ Àgbà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òtítọ́ ni ẹ sọ nípa Ìdáàṣà àti Sábẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ń wa ọkọ̀ gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ rìn ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi kò lè gbà kí ẹni tí ó kó ọmọ mẹ́ta dání gba apá Chikanda lásìkò yìí, nítorí àwọn oníbọn tí wọ́n fara pamọ́ sínú igbó ẹkùn yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a yọ Pendjari kúrò pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n jí àwọn arìnrìn-àjò ọmọ Faransé méjì gbé níbẹ̀, tí wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ń fọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà ni ìkọlù ti ń ṣẹlẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ Ìdáàṣà, Èkó ni kí ó gbà lọ sí Sẹ̀mẹ̀, kí ó sùn ní Kútọnu, kí ó tó gba Bohicon gòkè. Láti Kútọnu dé Ìdáàṣà tó 200 kìlómítà.

Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ èébì ọmọ yín ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ọmọ tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ọdún 11. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kò bá ohun tí ara rẹ̀ ń mọ̀ mu, ìyẹn ni ó ń dà á láàmú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wo fóònù tàbí ìwé nínú ọkọ̀. Ẹ mú un jókòó sí àárín ìjókòó ẹ̀yìn, lórí àga ọmọdé tí ó gbé e sókè, kí ó lè rí ojú ọ̀nà níwájú. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fún ọmọ ní mílíìkì àti ẹyin díndín kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ tàbí bísíkíìtì ti tó, wákàtí kan kí ẹ tó gbéra. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má sì ṣe máa bi í léèrè pé ṣé èébì ti ń gbé e. Bí ẹ bá ti bi í, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ kú àlàyé gbogbo yín. Gánà ni a kó àwọn ìbejì wa lọ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 4. Mo máa sọ èyí tí ó dùn àti èyí tí kò dùn.

Ọ̀nà ni a gbà lọ láti Èkó, ohun tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnubodè mẹ́ta ni: ti Sẹ̀mẹ̀, ti Hilla Condji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti ti Aflao láàárín Tógò àti Gánà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó kó ẹrù, ẹ ó gbé ọmọ, ẹ ó tò sí ìlà nínú oòrùn. A pààrọ̀ náírà sí séfà, a tún pààrọ̀ sí sídì. Nígbà tí a dé Lomé tí a sùn síbẹ̀, Táíwò kò jẹun, Kẹ́hìndé kò sùn, èmi àti ọkọ mi kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Bàálù láti Èkó dé Akra kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ nínú òfúrufú. Ẹ dín iye ọjọ́ kù, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ìwé bàálù.

Ohun tí a rí lẹ́yìn ìyẹn kò tíì kúrò lójú mi títí di òní. Wli, nítòsí ìlú Hohoe lápá Volta, ni omi tí ó ga jù lọ ní Gánà wà. Láti ilé àwọn afọ̀nàhàn, ẹ ó rìn nínú igbó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ilẹ̀ náà tẹ́jú, ẹ ó sì máa gba orí afárá kékeré kọjá odò kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Táíwò ń ka àwọn afárá náà, ó sì ń bínú sí Kẹ́hìndé bí ó bá kà á ṣì. Kí a tó rí omi náà ni a ti gbọ́ ọ. Nígbà tí igi yà sọ́tọ̀, ìrì rẹ̀ ti ń bà wá lójú, omi ń já láti orí àpáta tí ó tó 80 mítà, ẹgbàágbèje àdán sì so rọ̀ mọ́ ara àpáta náà bí èso. Kẹ́hìndé gbá ẹsẹ̀ mi mú, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé ta ni ó ń da omi náà láti òkè. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé omi kejì wà lókè tí ó tún dára jù, ẹ má tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọmọ. Òkè gíga ni ọ̀nà rẹ̀, àgbà gan-an ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú kí ó tó lè gùn ún.

Ọgbà ewéko Aburi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890, kò jìnnà sí Akra rárá, orí òkè ni ó wà, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù. Àwọn ọmọ sáré lórí koríko títí wọ́n fi sùn lọ. Ní ti Kakum, ọgbà igbó kan ní Gánà níbẹ̀, afárá onígi àti okùn méje ni ó wà níbẹ̀ láti orí igi dé orí igi, ó gùn tó nǹkan bí 350 mítà, ó sì ga tó 40 mítà láti ilẹ̀ ní ibi tí ó ga jù. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn ìbejì figbe ta, a sì padà. Ọmọ ọdún 8 yín lè fẹ́ ẹ. Àwọn méjì yòókù, ó kéré fún wọn.

Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bí ti yín bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ gba abẹ́rẹ́ mìíràn.

Awakọ̀ Àgbà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrírí. N kò gbà pé ọ̀nà ni ó burú, bí kò ṣe bí ẹ ti rìn ín. Ẹni tí ó bá sùn ní Kútọnu ní alẹ́ àkọ́kọ́, tí ó sì sùn ní Lomé ní alẹ́ kejì, kò ní rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ó dín owó kù púpọ̀. Ẹ kàn rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìjáde àti ti ìwọlé sí ìwé ìrìnnà ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ti ọmọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá yín dúró nígbà àbọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n, alẹ́ méjì ní ìlọ àti alẹ́ méjì ní àbọ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú ìsinmi. Owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́rin náà ń kọ́? Fún ọmọ tí ọkọ̀ ń mú bì, èmi dúró lórí ti bàálù.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Mo fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì kí ẹnikẹ́ni má bàa gba abẹ́rẹ́ tí kò nílò. Láti oṣù Keje ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi lélẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Káàdì tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí pàápàá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí àwọn òbí ti sábà máa ń ṣì í ni ti ọmọdé. Gánà ń béèrè káàdì yìí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ti pé oṣù 9 sókè. Òtítọ́ ni pé a ti fún ọmọ oṣù 18 yín ní abẹ́rẹ́ náà nígbà tí ó pé oṣù 9 bí ẹ bá ń gbé e wá sí ilé ìwòsàn déédéé, ṣùgbọ́n káàdì àjẹsára ọmọ tí a ń fún yín nílé ìwòsàn kì í ṣe yẹ́lò káàdì. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnubodè, irú àwọn tí ó wà ní pápákọ̀ òfúrufú Abùjá àti Èkó, kí wọ́n ṣe káàdì ti ìrìn-àjò fún un. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró ọjọ́ mẹ́wàá kí káàdì rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́.

Nínú bàálù, ẹ fún ọmọ lọ́mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, àti nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Gbígbé nǹkan mì ni ó ń jẹ́ kí etí là. Bí ó bá sùn, ẹ jí i kí ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọmọ tí ó bá sùn kì í gbé itọ́ mì dáadáa, ìrora etí ni yóò sì jí i. Àwọn tí ó tóbi lè jẹ súìtì tàbí kí wọ́n mu omi.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dárúkọ oògùn èébì fún yín. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn àgbà tí ẹ gé sí méjì. Promethazine, tí wọ́n ń tà káàkiri, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Fún ọmọ ọdún 5, dókítà ni kí ó wo ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Ibà ẹ̀fọn wà ní Gánà bí ó ti wà níbí, nítorí náà ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún Volta, nítorí kòkòrò tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀ wà nínú omi rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Yúróòpù ni ẹ lọ tí ara ọmọ gbóná, ẹ tètè sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, nítorí kì í ṣe ohun tí ó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ọmọ Mọ̀pà, Abùjá

Ẹ jẹ́ kí n fi Ruwáńdà kún un, nítorí ibẹ̀ ni òkè wà jù ní gbogbo ilẹ̀ tí mo ti dé. Láti ọdún 2023 ni ìjọba wọn ti kéde pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan kò nílò físà láti wọlé. Kigali ga tó nǹkan bí 1,500 mítà, alẹ́ ibẹ̀ tutù bí àárọ̀ ọyẹ́ ní Kàbà, oṣù Kẹjọ sì bọ́ sí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọdún 6 lò ní Karongi, létí adágún Kivu. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn apẹja máa ń fi igi so ọkọ̀ wọn mọ́ ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á máa kọrin lọ sójú omi. Ọmọ wa kò gbà kí a wọlé jẹun títí orin náà fi rọlẹ̀.

Ẹ má yan Rubavu létí adágún yìí kan náà bí wọ́n bá fi hàn yín, nítorí ìlú Goma ti Kóńgò ni ó bá a pààlà, ogun sì ti jà níbẹ̀. Ẹ má sì fi ọ̀bọ gọ̀ríllà sínú ètò yín. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò lè lọ wò wọ́n, 1,500 dọ́là ni ìwé ìyọ̀ǹda ẹnì kan sì jẹ́. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fi òfin de àpò náílọ́ọ̀nù. Ní pápákọ̀, wọ́n tú gbogbo pámpáàsì tí a fi náílọ́ọ̀nù dúdú dì, wọ́n gba náílọ́ọ̀nù náà, a sì kó pámpáàsì mọ́ àyà jáde. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò.

Fún ọmọ tí ọkọ̀ ń mú bì, n kò ní purọ́ fún yín: ọ̀nà Kigali sí Karongi dára, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó ń yí gbirigbiri lára òkè fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta.

Ẹ ka ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn yín dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ń jókòó lórí ẹsẹ̀ òbí, owó rẹ̀ sì kéré gan-an, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà. Bí ó bá pé ọdún 2 kí ẹ tó padà, ẹ ó ra ìjókòó fún un. Ọmọ tí ó jẹ́ oṣù 18 lónìí, oṣù 24 ni yóò jẹ́ ní oṣù Kẹjọ.

Ọmọ Yàgbà, Zürich

Ìyá Dára, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí tí mo fi gbàgbé bí ó ti ń rí kí ènìyàn dúró de físà. Ìyá àwọn ọmọ, bí mo bá wà ní ipò yín pẹ̀lú ọmọ oṣù 18, Gánà ni máa kọ́kọ́ lọ, kí Switzerland dúró títí àbíkẹ́yìn yóò fi lè rìn fúnra rẹ̀ fún wákàtí kan. Ibikíbi tí ẹ bá yàn, ẹ má sùn sí ibi tí ó ju méjì lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àwọn òbí ìyàwó mi wá, a kó wọn lọ sí ìlú márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ohun tí ọmọ wa rántí nínú rẹ̀ ni pé a máa ń di ẹrù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ báyìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ní tirẹ̀, ti ọdún márùn-ún sì ni wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Ìyá Dára, Lọ́kọ́ja

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, 100,000 náírà ni ti ọdún márùn-ún, ẹ fi sínú ìṣirò yín. Ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí wọn ò ní í dá yín lóhùn láìsí i, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí ìbí wọn láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn dání.

Ìyá Mẹ́ta, Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti bàálé mi sì ti ka gbogbo èsì yín fún ara wa ní alẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Gánà ni a máa lọ. Bàálé mi kò tètè gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìbéèrè Kẹ́hìndé sí i létí, pé ta ni ó ń da omi láti òkè, ó dákẹ́, ó sì ní kí n wá àwòrán Wli fún òun. Bàbá Bùnú, ó ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ìdáàṣà ni yóò kàn lẹ́yìn èyí, Kútọnu ni a ó sì gbà.

Ìparí oṣù Kẹjọ ni àbíkẹ́yìn wa yóò pé ọdún 2, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà ni a ó lọ, kí ó lè jókòó lórí ẹsẹ̀ mi ní àlọ àti àbọ̀. A ó sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, a ó sì wọ bàálù lọ sí Akra. A ó lo alẹ́ mẹ́ta ní Aburi, alẹ́ mẹ́ta ní Hohoe, àti alẹ́ kan ní Akra. Kakum kò sí nínú rẹ̀. Àkọ́bí wa ti gbọ́ nípa afárá náà, ó sì ti gba ìlérí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Ní ọjọ́rú tí ó kọjá ni a kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́kọ́ja fún ìwé ìrìnnà wọn. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ. Bísíkíìtì mẹ́ta ni mo fún èkejì kí a tó jáde, mo gbé e sí àárín, mo gba fóònù, a sì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi fẹ́ bi í léèrè nígbà tí a ń kọjá lẹ́bàá àwọn tírélà Ọ̀bàjánà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kí ó má ṣe sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń ka àwọn tírélà. Ó ka mẹ́tàdínlógójì kí a tó dé Lọ́kọ́ja, ike tí ó wà ní ẹsẹ̀ mi sì gbẹ.